Àwọn Ìbejì Inú Háàdì Dísìkì

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Àgbowó, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó kọjú sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀gá mi na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Kà á fún mi." Fáìlì méjì ló wà nínú fódà kan ṣoṣo. Mo kà á: "Ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́." Mo tún un kà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ kì í gbà kí nǹkan méjì jẹ́ orúkọ kan náà nínú fódà kan o."

Ó ní, "Wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ìbejì ni wọ́n. Ojú tìrẹ ni kò dá wọn mọ̀, ìyá wọn mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Jókòó tì wọ́n títí wàá fi mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́yìndé."

Ó gbé kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀, ó lọ kírun Àsárì. Nígbà tó fi máa dé, mo ṣì ń wo àwọn ìbejì náà, àwọn náà ń wò mí.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé. Ní oṣù tó kọjá, mo kó gbogbo ohun tó wà lórí sáfà ilé mi kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, kò sì sí ìgbésẹ̀ kan tí mo gbé lóru ọjọ́ náà tí n kò rántí kẹ́tùrù yẹn.

Sáfà ọ̀hún kò ju kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan lọ. Queen Cinema ni mo ti rà á, mo gbé e sórí pákó ní kọ̀rọ̀ yàrá ní Bódìjà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti 2012. Bí kì í bá ṣe ti alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní 2024, bóyá ibẹ̀ ni ì bá wà di òní. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn awakùsà tí kò gba ìwé àṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé. Gbogbo Ìbàdàn gbọ́ ọ. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó lu ẹrù. Lójú ohun tó ṣe àwọn ẹlòmíì, fèrèsé méjì tó fọ́ nílé wa àti pákó kan tó já kì í ṣe ohun tí à ń rò fáyé gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀kan nínú háàdì dísìkì sáfà náà ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí àlejò tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn láàjìn. Mo ní ẹ̀dà àwọn fáìlì náà níbòmíì, nítorí náà mo fara dà á títí owó ẹ̀rọ tuntun fi jáde.

Ẹ̀rọ tuntun ọ̀hún kò ju ìwé Bíbélì ńlá lọ. Intel N100 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2023, tí wọ́n ṣírò agbára rẹ̀ sí wáàtì 6. Àtijọ́ ń jẹ nǹkan bí wáàtì 90, kódà bí kò ṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá ń fi ínfátà gbé ilé ró mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́: òun ló ń sọ bóyá fáànù yóò yí mọ́jú.

Bí a ṣe ń fi Linux Debian sórí ẹ̀rọ tuntun, bí a ṣe ń fi UUID pe dísìkì kí ẹ̀rọ má baà ṣìnà nígbà tí sda bá di sdb, bí orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń yí padà tí sáfà á fi dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ibi tó ń dùn mọ́ mi ni ti orúkọ.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà. Láàárín 1970 sí ìgbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ibi tí wọ́n gbé e lọ tí kò gbé rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Ó gba ohùn àwọn onílù, ó gba ohùn àwọn àgbà tó ń pìtàn, ó gba ohùn ìyá rẹ̀ tó ń ki wá lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìdájí ọjọ́ Iléyá, tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí bàbá lọ tán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù pín kásẹ́ẹ̀tì náà láàárín ara wa, a sì kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. A fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ pé pérépéré, nítorí ọmọ tíṣà ni wá. Fáìlì 21,460 ló di lápapọ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé. Èmi ń fi Linux tẹ tèmi ní Bódìjà, òun ń fi kọ̀ǹpútà Apple tẹ tirẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ tààrà sórí sáfà. Bí àwọn ìbejì ṣe wọlé wa nìyẹn.

Mú ọ̀rọ̀ kan bíi Ẹ̀kọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni lójú wa. Ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà, báìtì ló ń kà. Ó ṣeé ṣe láti kọ Ẹ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, kí á tó wá gbé àmì dò lé e lórí. Báyìí, Ẹ̀kọ́ á jẹ́ báìtì 11. Táyé nìyẹn. Ó tún ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti mú È tí àwọn Faransé ń lò, tó ti gbé àmì rẹ̀ lórí tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn á jẹ́ báìtì 9. Kẹ́yìndé nìyẹn. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lọ́wọ́ ẹ̀rọ, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní Àgbowó, nígbà tí mo ronú kan xxd tí mo fi tú inú orúkọ náà wò, tí mo rí e1 ba b8 níbì kan, tí mo rí c3 88 níbòmíì, mo pariwo dé ojú títì.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní, "O ti mọ ìbejì. Ìdòwú ńkọ́?"

Ó ṣí fódà mìíràn. Ẹ̀kọ́ tún wà níbẹ̀. Mo kà á: báìtì 11. Mo ní Táyé ni. Ó ní kí n tún un wò. Báìtì 11 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n E lásán ló ṣáájú, àmì abẹ́ tẹ̀lé e, àmì ohùn tẹ̀lé ìyẹn, gbogbo wọn ní ẹyọ ẹyọ. Iye dọ́gba, àwọn tó wà nínú ilé yàtọ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kíkà nìkan kò tó. Ọ̀nà tí Apple ń gbà tọ́jú orúkọ nìyẹn lórí ètò fáìlì HFS+, tí wọ́n lò láti 1998 títí APFS fi gba ipò rẹ̀ ní 2017: ohunkóhun tí o bá tẹ̀, yóò tú u sí wẹ́wẹ́ kó tó fi pamọ́. Gbogbo fáìlì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Peckham, Ìdòwú ni. Linux ní tirẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni tú orúkọ, bí o bá ṣe gbé e fún un ló ń gbé e sílẹ̀. Táyé àti Ìdòwú sì ń gbé inú fódà kan náà lórí ext4, ètò fáìlì Linux, láìjà láìta, ọdún ń gorí ọdún.

Kí ló burú níbẹ̀? Ọjọ́ tí a bá ń kó lọ ilé tuntun ló ń burú. Ètò rsync tí gbogbo wa ń lò, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní Ọsirélíà ní 1996, orúkọ ló fi ń dá fáìlì mọ̀. Bí orúkọ bá bára mu, yóò wo bí fáìlì ṣe tóbi tó àti àkókò tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Bí ìyẹn náà bá bára mu, yóò kọjá lọ. Kò ní ṣí inú rẹ̀ àfi bí o bá fi -c sí i. Bí orúkọ bá fi báìtì kan yàtọ̀, ẹni tuntun ló kà á sí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ibi tí ò ń kó wọn lọ jẹ́ irú ilé tó máa ń sọ orúkọ méjèèjì di ọ̀kan, ọ̀kan yóò tẹ èkejì mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Nínú ìbejì tí mo ní nílé, ọ̀pọ̀ ni inú wọn kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọ ariwo kúrò nínú tirẹ̀. Tèmi ṣì ní àkùkọ yẹn lẹ́yìn ohùn ìyá àgbà, mo sì fẹ́ràn àkùkọ náà.

Mo ti rí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ní agbègbè Challenge pè mí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn kó sáfà ní ẹ̀rọ kò fẹ́ àmì lórí orúkọ, ó sì kọ ètò kékeré kan tó ń yọ àmì kúrò bó ṣe ń kó fáìlì lọ. Fódà méjì wà níbẹ̀: Ìlù àti Ìlú. Ohùn àyàn ló wà nínú èyí àkọ́kọ́, ìtàn láti ẹnu àwọn àgbà ló wà nínú èkejì, nọ́ńbà 001 títí dé 060 sì ni wọ́n fi pe fáìlì inú àwọn méjèèjì. Bí àmì ṣe bọ́, méjèèjì di Ilu. Ìlù ló kọ́kọ́ wọlé, Ìlú wọlé tẹ̀lé e, ó sì jókòó lé e lórí. Ọgọ́ta ohùn onílù lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti nu dísìkì àtijọ́, wọ́n ti tà á. Ọmọ náà ń sọ fún mi pé iṣẹ́ náà kò gba òun ní ogójì ìṣẹ́jú.

Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ṣì ń dùn mí. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé èèyàn lọ ra fíláàṣì ojú títì ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n kọ "2TB" sí lára, tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Gígábáìtì 32 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láti máa parọ́ ni. Yóò máa gba ẹrù, yóò máa ní ó ti dé, òmíràn yóò sì máa gorí èyí tó ti wà níbẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní f3 tó ń tú u fó kí o tó fọkàn tán an. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gba wákàtí, àwọn èèyàn kò sì fẹ́ fún un ní wákàtí.

Ọ̀gá mi ní wákàtí fún nǹkan. Kí ó tó di ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ilé ìtẹ̀wé ló ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn yìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà òjé to ìwé. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i, ọmọ aláṣọ òfì, ó sì máa ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín títo òwú àti títo lẹ́tà. Nígbà tí ìlú kún fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onítápù-tápù, tí kò sí bọ́tìnnì fún ẹ, ọ àti ṣ, báírò ni wọ́n fi ń fi àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní bí òun bá ti tẹ ojú ewé kan tán, òun á gbé e sórí itan, òun á kà á sókè ketekete, ibi tí ohùn bá ti lọ sókè, báírò á lọ sókè. Ojú ewé kan lè ní àmì irínwó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọ̀gá tirẹ̀ á dá gbogbo rẹ̀ padà.

Nínú ilé ìtẹ̀wé yẹn ló ti mọ Àlàbá. Èmi rò pé Ìdòwú ló kẹ́yìn. Ó tó ọdún kan gbáko lẹ́yìn ọ̀sán yẹn kí ó tó fi Àlàbá hàn mí, ní ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde, ó gbé awò amúǹkantóbi lé ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan. "Kí lo rí?" Mo ní àmì ni. "Àmì wo? Ó rí roboto ni àbí ó dúró lóòró?" Ó dúró lóòró, bí igi ìṣáná kékeré. Ó ní àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ń fi àmì roboto sí abẹ́, àwọn kan ń fi igi, oníkálukú pẹ̀lú òjé tó ní lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́ kọ̀ǹpútà rí méjèèjì nínú ìwé, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: 0323 fún roboto, 0329 fún igi. Ètò tó ń sọ Táyé, Kẹ́yìndé àti Ìdòwú di ọ̀kan kò ní fọwọ́ kan Àlàbá láéláé, nítorí nínú òfin tirẹ̀, Àlàbá kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ojú èèyàn àti ọwọ́ èèyàn ló lè mú un wálé.

Mo máa ń rò ó. Ìpàdé 1875 ní Èkó ti jíròrò bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, gbé ìwé rẹ̀ Yoruba Orthography jáde n'Íbàdàn níbí ní 1965. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Lójú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn, igi ni o, roboto ni o, ẹ ni ẹ ń jẹ́. Ojú tó ń kàwé ni wọ́n ń kọ̀wé fún. Àwa la bá ẹ̀rọ tí kò lójú pàdé.

Nítorí náà, bí mo ṣe ṣe é lóṣù tó kọjá nìyí. Kí ẹrù kankan tó kúrò nílẹ̀, mo kọ orúkọ gbogbo fáìlì sínú ìwé kan lórí ẹ̀rọ àtijọ́, pẹ̀lú sha256 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣírò láti inú fáìlì. Mo fi LC_ALL=C síwájú sort kí ẹ̀rọ méjèèjì lè to orúkọ bákan náà, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀rọ Linux fi ń to ọ̀rọ̀ yí padà gidigidi ní 2018 pẹ̀lú glibc 2.28, Debian 9 ni àtijọ́ ń lò, 12 ni tuntun, bí o bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láti to orúkọ bí ó ṣe wù wọ́n, ìwé méjèèjì kò ní bára mu láé, wàá sì máa wá ẹni tí kò sọnù. (Ìdí kan náà ni a kì í fi í ru fódà PostgreSQL lásán láti àtijọ́ sí tuntun. Tú u jáde, tún un kó wọlé.) Lẹ́yìn náà ni mo kó wọn bí wọ́n ṣe wà: Táyé bí Táyé, Ìdòwú bí Ìdòwú. Èyí ni ọ̀gá mi fi ń lù mí lórí nígbà náà, pé a kì í tún orúkọ ṣe lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń to ẹrù nínú ọkọ̀ tó ń lọ yóò já nǹkan sílẹ̀.

Wákàtí mẹ́sàn-án ló gbà, dísìkì náà ń dún kọ́, kọ́. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ínfátà gbé e ní àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó rẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo kú. Nígbà tí iná dé, mo tún àṣẹ rsync náà pa, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kù sí. Mo jókòó lórí àpótí, mo ń gbọ́ fáànù ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo ti ń gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì rántí pé òun ló ń yí lóru tí wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá ti lọ, tí mo jókòó síbí kan náà. N kò lè sọ iye ìgbà tí mo yẹ ojú kọ̀ǹpútà wò láàárín ìrántí yẹn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dé, mo dá iṣẹ́ gbogbo dúró lórí àtijọ́, mo kó ìyókù tó ti yí padà, mo wá ka sha256 lórí tuntun. 21,460 ní ìhín, 21,460 ní ọ̀hún, kò sí ọ̀kan tó yàtọ̀. Ìgbà náà ni mo pe convmv. Mo fẹ́ràn ètò yìí. Bí o bá ní kó sọ gbogbo orúkọ di irú Táyé, yóò kọ́kọ́ ka ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ láìfọwọ́ kan nǹkan kan, àfi ìgbà tí o bá fi --notest sí i. Níbi tí Táyé bá ti wà, kì í gbé Ìdòwú lé e lórí. Mo to àwọn tó bá ara wọn pàdé jọ: ìdílé mọ́kànlélógójì. Mo gbọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi "àkùkọ" kún orúkọ èyí tó ní àkùkọ. Àlàbá jẹ́ mẹ́tàdínlógún, àwọn tí mo ṣẹ̀dà orúkọ wọn láti inú ìwé bàbá tí ẹnìkan bá wa tẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi tún wọn kọ, mo sì kọ orúkọ àtijọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun nínú ìwé kan tí yóò máa bá sáfà náà gbé.

Ọjọ́ kejì, mo pe ọ̀gá ní Ìṣẹ́yìn, níbi tó ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti kó o tán."

"Àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Ìdílé mọ́kànlélógójì, sà. Àlàbá mẹ́tàdínlógún."

"O gbọ́ wọn, àbí o kàn kà wọ́n?"

"Mo gbọ́ wọn, sà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo wá sọ èyí tó kù fún un. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí bàbá fi báírò kọ "Ilu Ede 1973" sí lára, òun tó jẹ́ tíṣà tí kì í fi àmì ṣeré. Bóyá ó ń kánjú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti kó o sórí kọ̀ǹpútà ni n kò ti mọ àmì tí mo lè fi sí i. Ìlù Ẹdẹ, ní ìlú tí Tìmì wọn, Ọba Adétòyèṣe Láoyè, fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbóǹtarìgì nídìí gángan? Tàbí Ìlú Ẹdẹ? Ìdajì kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ dùndún. Ìdajì tó kù, bàbá arúgbó kan ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó.

Ọ̀gá ní kí n fi í sí etí fóònù fún òun. Mo fi í sí i. A gbọ́ ọ jọ, ó tó ogún ìṣẹ́jú, káàdì mi sì ń jó lọ. Nígbà tí ìlù dáwọ́ dúró tí arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀gá ní, "Báwo ni bàbá rẹ ṣe kọ ọ́?"

Mo ní, "Láìsí àmì, sà."

Ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ tuntun: Ilu Ede 1973, báìtì 12, láìka .wav.